Láti dúrọ́ọ̀mù sí dísìkì: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bíréèkì ẹ̀yìn ọkọ̀ àtijọ́, fún àwa tí a ń wakọ̀ ní Àbújá àti Òkè Ọya

Ọkọ̀ tó ti lé ní ogún ọdún ṣì pọ̀ lọ́wọ́ wa láti Kubwa dé Nyanya, láti Kàdúná dé Jos: Golf 3, Corolla, Civic, Camry, Peugeot 504. Dísìkì ló wà níwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn, dúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn. Àwọn tó ni wọ́n ló ń béèrè àwọn ìbéèrè yìí. Kí n ti sọ èrò mi láti ìbẹ̀rẹ̀: bí ẹ bá rí odindi bíréèkì ẹ̀yìn láti ara ọkọ̀ tó jẹ́ ọmọ ìyá tiyín, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fúnra rẹ̀ ti fi dísìkì sí, ẹ lè ṣe é, ẹ ó sì gbádùn rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ tún dúrọ́ọ̀mù yín ṣe dáadáa, kí ẹ fi owó tó kù ra táyà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣa irin jọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ẹ fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé.

Kí ni dísìkì fi ju dúrọ́ọ̀mù lọ gan-an?

Ooru ni kókó ibẹ̀. Iṣẹ́ bíréèkì ni láti sọ eré ọkọ̀ di ooru, kí ó sì wá ibi tí yóò da ooru náà sí. Inú dúrọ́ọ̀mù ni ṣúù méjèèjì ti ń tẹ irin láti inú síta, ooru náà sì há síbẹ̀. Bí dúrọ́ọ̀mù bá ṣe ń gbóná ló ń fẹ̀, bó ṣe ń fẹ̀ ló ń jìnnà sí ṣúù, ni pẹ́dà á bá máa lọ sílẹ̀ sí i lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ní ti dísìkì, gbangba ló wà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, páàdì méjì ló sì fún un mọ́ àárín. Bó bá gbóná tó fẹ̀, ọ̀dọ̀ páàdì ló ń fẹ̀ sí. Ẹni tó bá ti kó ẹrù sọ̀ kalẹ̀ láti Jos, tó gba Hawan Kibo lọ sí Akwanga, mọ ohun tí mò ń sọ: bíréèkì tó mú dáadáa lókè lè má mú mọ́ kí ẹ tó dé ìsàlẹ̀. (Jíà kékeré ló yẹ kí ẹ fi sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ohun yòówù kó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yín.)

Omi náà wà níbẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù tó bá la àgbàrá kọjá máa ń gba omi sínú, ẹ sì lè tẹ bíréèkì lẹ́yìn náà kí ó má mú. Dísìkì á ti gbọn omi tirẹ̀ dànù kó tó pẹ́.

Síbẹ̀, ẹ má fojú tín-ín-rín dúrọ́ọ̀mù. Bí táyà ṣe ń yí, dúrọ́ọ̀mù máa ń fa ṣúù iwájú mọ́ra sí i, ìyẹn ni pé ó ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́. Dísìkì kò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ fi agbára tó pọ̀ sí i tì í. Hándíbíréèkì inú dúrọ́ọ̀mù máa ń di ọkọ̀ mú gírí. Ó sì bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún yanrìn àti ẹrọ̀fọ̀ ojú ọ̀nà tí kò lọ́dà, èyí tó máa ń jẹ dísìkì àti páàdì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ yẹn sọ́kàn, torí òun ló bí púpọ̀ nínú wàhálà tó wà nísàlẹ̀.

Ṣé ọkọ̀ mi á máa tètè dúró ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?

Bí ẹ bá tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí ọ̀dà gbígbẹ, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí ìyàtọ̀ kankan. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ dúró, ìwúwo rẹ̀ máa ń sún síwájú. Ìdí nìyí tí bíréèkì iwájú fi ń ṣe nǹkan bí ìdá 60 sí 70 nínú 100 iṣẹ́ náà, ó sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọkọ̀ kékeré tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà níwájú. Táyà ló sì ń di ilẹ̀ mú. Bí dúrọ́ọ̀mù yín bá ti lágbára tó láti há táyà ẹ̀yìn pa, dísìkì kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ẹ ti máa rí èrè rẹ̀ ni ìgbà tí ẹ bá ń tẹ bíréèkì léraléra: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn, ẹrù wúwo, ìsọ̀kalẹ̀ Mpape, ọ̀nà tómi ti bò.

Nítorí náà, kí ẹ tó náwó sí dísìkì, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Oòrùn ìhà ibí máa ń mú kí rọ́bà gan, kí ó sì sán, àní bí eyín táyà bá ṣì ga.

Pẹ́dà mi máa ń lọ sísàlẹ̀ kó tó mú. Ṣé dísìkì ló máa wò ó sàn?

Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Dúrọ́ọ̀mù tí kò sí ẹni tó ṣí i wò láti ọdún mélòó kan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Irin kékeré eléyín tó yẹ kó máa sún ṣúù mọ́ dúrọ́ọ̀mù bí ṣúù ṣe ń jẹ ti dípẹtà, eruku ọyẹ́ sì ti dì mọ́ ọn, kò yí mọ́. Ṣúù ti jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù, ẹsẹ̀ yín ló sì ń di àlàfo náà.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí i. Kí wọ́n tú irin eléyín náà, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi gíríìsì tó ń fara da ooru pa ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Kí wọ́n wo sìlíńdà kékeré inú rẹ̀ bóyá ó ń jò. Tó bá jẹ́ 504 ni, kí wọ́n wo rọ́bà orí ẹ́síìlì bóyá ọ́ìlì rẹ̀ ti rin ṣúù, torí ṣúù tó bá ti mu ọ́ìlì kò ṣeé fọ̀, ẹ rà á ní méjì-méjì fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìwọ̀n fífẹ̀ tí dúrọ́ọ̀mù kò gbọ́dọ̀ kọjá wà lára irin rẹ̀; bí wọ́n bá ti họ ọ́ kọjá ìyẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n yí irin eléyín títí ṣúù á fi máa họ dúrọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ bá fọwọ́ yí i. Púpọ̀ nínú àwọn tó wá ra dísìkì kì í wá a mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀bẹ̀ kan: kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi kọ̀mpírẹ́sọ̀ fẹ́ eruku dúrọ́ọ̀mù. Ṣúù àtijọ́ lè ní asbestos nínú, èyí tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Kí wọ́n fi omi rin ín kí wọ́n tó nù ún. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ló máa ń jókòó síwájú eruku yẹn látàárọ̀ dalẹ́, ó sì yẹ kí ọ̀gá wọn mọ̀.

Ọkọ̀ wo ló rọrùn jù láti yí?

Èyí tó ní ọmọ ìyá tó ti ní dísìkì lẹ́yìn. Golf 3 ní i: GTI àti VR6 ní dísìkì lẹ́yìn. Civic 1992 sí 2000 lè gba apá ẹ̀yìn Integra ìgbà kan náà, odindi, pẹ̀lú kálípà rẹ̀ (irin tó ń fi páàdì fún dísìkì mọ́ àárín). Camry 1997 sí 2001 tó jẹ́ V6 ní dísìkì lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni Corolla XRS ti 2005 àti 2006 tó ń ti Amẹ́ríkà wá, ṣùgbọ́n XRS ṣọ̀wọ́n níbí.

504 ní ìtàn tirẹ̀. Èyí tí ẹ́síìlì ẹ̀yìn rẹ̀ pín sí méjì ní dísìkì lẹ́yìn láti ilé iṣẹ́. Àmọ́ ẹ́síìlì gbọọrọ ló wà lábẹ́ wágọ́nù àti píkọ́ọ̀pù, dúrọ́ọ̀mù ló sì ń bá a rìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní PAN ní Kàdúná lọ́dún 1975, ìdí nìyí tí páàtì dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ fi ṣì wà káàkiri ìhà ibí. Ẹ kò lè yọ dísìkì ti àkọ́kọ́ kí ẹ de mọ́ èkejì, ẹ́síìlì wọn kò jọra rárá. Fún wágọ́nù 504, ẹ fi dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀.

Kí ni kí n rà, níbo?

Ní Apo tàbí ibikíbi tí wọ́n bá ti ń tú ọkọ̀ tòkunbọ̀, ẹ bi wọ́n bóyá ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ohun gbogbo ni kí ẹ gbà lára ọkọ̀ kan ṣoṣo: kálípà méjèèjì àti irin tó gbé wọn dúró, dísìkì, họ́ọ̀bù, àwo irin ẹ̀yìn rẹ̀, họ́ọ̀sì rọ́bà, wáyà hándíbíréèkì méjèèjì, fáàfù tó ń dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù, àti másítà bíréèkì (sìlíńdà ńlá tí pẹ́dà ń tì láti fi ti ọ́ìlì lọ sí bíréèkì). Bí ẹni tó ń tà á bá ní wáyà kò sí, tí ẹlòmíì ní òun ní kálípà ọ̀tún nìkan, ẹ máa lọ. Páàtì tí ẹ bá ń wá lẹ́yọ lẹ́yọ ló ń sọ iṣẹ́ ọjọ́ kan di ti oṣù kan, ọkọ̀ á sì wà lórí jáàkì.

Páàdì àti họ́ọ̀sì tuntun ni kí ẹ lò, kódà bí ti tòkunbọ̀ bá ṣì dán. Lára dísìkì, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ MIN TH sí: ìnípọn tó kéré jù tó gbọ́dọ̀ ní nìyẹn. Kí wọ́n fi irin ìwọ̀n wọ̀n ọ́ lójú yín.

Hándíbíréèkì ńkọ́?

Ibí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Nínú dúrọ́ọ̀mù, ṣúù náà gan-an ni wáyà hándíbíréèkì ń tì. Bí ẹ bá yọ dúrọ́ọ̀mù, ẹ ti yọ hándíbíréèkì pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ilé iṣẹ́ ń gbà dá a padà. Àkọ́kọ́ ni kálípà tó ní apá irin lẹ́yìn: wáyà á fa apá náà, apá á sì ti písítọ̀n síta. Irú rẹ̀ ló wà lára Golf àti Integra. Èkejì ni dísìkì tí àárín rẹ̀ jìn, tó fi ṣe dúrọ́ọ̀mù kékeré, tí ṣúù kékeré sì wà nínú rẹ̀ fún hándíbíréèkì nìkan. Irú èyí ló wà lára Camry àti Mercedes V-boot.

Kálípà iwájú ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n bá gbé wá sẹ́yìn kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún á máa fi òkúta há táyà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á sì máa gbẹ́kẹ̀ lé P nínú jíà. Irin kékeré kan ṣoṣo ló ń di ọkọ̀ mú nínú P. Hándíbíréèkì kì í sì ṣe fún ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró nìkan: bí páìpù bá bẹ́ lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja tí ọ́ìlì dànù, wáyà yẹn lohun tó kù fún yín. Lójú tèmi, níbi tí kò bá ti sí hándíbíréèkì, iṣẹ́ náà kò tíì parí, ọkọ̀ náà kò sì gbọ́dọ̀ jáde.

Ohun kan sí i fún ìgbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ páàdì: yíyí ni wọ́n ń yí písítọ̀n kálípà aláwáyà wọlé. Bí wọ́n bá fi kíláàǹpù tì í tipátipá, inú rẹ̀ á fọ́.

Ṣé dandan ni kí n pààrọ̀ másítà?

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Kálípà ń gba ọ́ìlì ju sìlíńdà kékeré inú dúrọ́ọ̀mù lọ. Bí ihò másítà bá kéré jù, pẹ́dà á jìn. Bó bá tóbi jù, pẹ́dà á le, ẹ ó sì máa fi gbogbo itan tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá ọmọ ìyá ọkọ̀ náà wá láti ilé iṣẹ́ ni kí ẹ lò. Nínú àwọn ọkọ̀ tó ti pẹ́ gan-an, fáàfù kékeré kan tún wà tó ń dá agbára díẹ̀ dúró sínú páìpù dúrọ́ọ̀mù, nǹkan bí 10 psi, kí rọ́bà sìlíńdà má bàa tú. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ fún dísìkì, páàdì á máa họ ọ́ ní gbogbo ìgbà, á gbóná, epo á sì máa tètè tán.

Mẹkáníìkì mi ní ká yọ fáàfù ẹ̀yìn dànù kí bíréèkì lè mú dáadáa. Ṣé òótọ́ ni?

Rárá o. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbà.

Bí táyà iwájú bá kọ́kọ́ há, ọkọ̀ á máa yọ̀ lọ ní tààrà. Ó burú, àmọ́ iwájú ọkọ̀ ló ń lọ síwájú. Bí tẹ̀yìn bá kọ́kọ́ há, ẹ̀yìn á fẹ́ gba iwájú kọjá, ọkọ̀ á sì yí po kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ fáàfù yẹn ni láti rí i pé ti iwájú ló ń ṣáájú: bí ẹsẹ̀ yín bá tẹ̀ ẹ́ kọjá ìwọ̀n kan, ó ń dín èyí tó ń lọ sẹ́yìn kù. Ìwọ̀n tó sì bá dúrọ́ọ̀mù mu lè má bá dísìkì mu. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ gba fáàfù lára ọkọ̀ tí ẹ ti yọ dísìkì. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ Golf 3, ẹ ó rí i tí sípíríǹgì so ó mọ́ ẹ́síìlì ẹ̀yìn, kí ó lè mọ ìgbà tí ẹrù bá wà lẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé sípíríǹgì yẹn.

Àwọn kan ń ta fáàfù tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Ó dára fún ọkọ̀ tí páìpù kan ṣoṣo ń lọ sẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà, àgbélébùú ni páìpù wọn: ìlà kan gba iwájú òsì àti ẹ̀yìn ọ̀tún, ìlà kejì gba iwájú ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì, kí ọ̀kan lè dá ọkọ̀ dúró bí ìkejì bá bẹ́. Bí ẹnì kan bá pa páìpù ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ sínú fáàfù kan, ó ti pa ààbò yẹn rẹ́. Páìpù kan bẹ́, gbogbo bíréèkì lọ.

Wẹ́dà kan ní Panteka ní òun lè jó irin tó máa gbé kálípà dúró. Ṣé kí n gbà fún un?

Mo bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ àwọn ará Panteka ní Kàdúná, iṣẹ́ irin wọn kò kéré. Síbẹ̀, irin yìí ló ń gba gbogbo agbára tí kálípà fi ń dá táyà dúró, lójoojúmọ́, nínú ooru àti gbígbọ̀n. Bí kò bá dúró gún régé pẹ̀lú dísìkì, páàdì á jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ojú jíjó bá sì já, kálípà á yí mọ́ rímù, táyà á há lẹ́ẹ̀kan náà. Họ́ọ̀bù tó jẹ́ irin dídà kò ṣeé jó bẹ́ẹ̀ rárá. Èmi ò ní gbà.

Rímù mi á gbà á?

Rímù 13 kì í sábà gba kálípà. Ẹ gbé rímù wò lórí rẹ̀ kí wọ́n tó so páìpù, ẹ fọwọ́ yí i po, ẹ sì wò ó bóyá ó ń tì táyà síta kan féńdà.

Ọkọ̀ mi ní ABS.

ABS ni ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí ẹ bá tẹ bíréèkì kíkan. Òrùka eléyín tó ń kà lára họ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ ní iye eyín kan náà pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀. Bí ọkọ̀ tí ẹ ti fẹ́ gba páàtì kò bá ní ABS, ẹ wá òmíràn.

Wọ́n ti to gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n ti fún afẹ́fẹ́ jáde, síbẹ̀ pẹ́dà ń rọ̀ bí fóòmù. Kí ló dé?

Ẹ kọ́kọ́ wo ihò kékeré tí wọ́n ń gbà fún afẹ́fẹ́ jáde lára kálípà. Òkè ló gbọ́dọ̀ kọjú sí. Bó bá kọjú sílẹ̀, wọ́n ti gbé ti ọ̀tún sí òsì, afẹ́fẹ́ sì há sókè nínú kálípà níbi tí kò ti lè jáde láé. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí méjèèjì ń wọ ibi ara wọn láìjà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wo bóyá wáyà hándíbíréèkì ti fà jù. Lára kálípà aláwáyà, ó máa ń dí písítọ̀n lọ́wọ́ àtisún mọ́ dísìkì.

Páìpù irin tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ ti bíréèkì, kí ẹnu rẹ̀ sì ká bí ti ilé iṣẹ́. Họ́ọ̀sì epo kò gbọ́dọ̀ débẹ̀.

Ọ́ìlì wo ni kí n lò?

Èyí tí wọ́n kọ sórí ìdérí rẹ̀, DOT 3 tàbí DOT 4. DOT 3 tuntun kì í hó títí ooru á fi dé 205°C, DOT 4 tuntun á dé 230°C. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bó bá sì ti fa omi, DOT 3 lè hó ní 140°C, DOT 4 ní 155°C, ni pẹ́dà á bá ṣófo lójijì. Nítorí náà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì, ẹ má sì lo èyí tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ sórí káńtà. Bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tàbí ti páwà bá kán sínú rẹ̀, gbogbo rọ́bà bíréèkì á wú, ẹ ó sì pààrọ̀ gbogbo rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa dán an wò?

Kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, ẹ tẹ pẹ́dà títí á fi le, torí páàdì tuntun ṣì jìnnà sí dísìkì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírí kí ẹnì kan wo gbogbo orí páìpù bóyá ó ń jò. Ẹ wá fa hándíbíréèkì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ọkọ̀ wà ní nútírà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi gbalasa tí èèyàn kò sí, láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Àìkú. Ẹ mú eré wá láti nǹkan bí 50 km/h sí 10, ní ìgbà 8 sí 10, kí ẹ máa jẹ́ kó tutù díẹ̀ láàárín, láìjẹ́ kí ọkọ̀ dúró pátápátá. Báyìí ni páàdì àti dísìkì ṣe ń mọ́ ara wọn lára. Bí kò bá sí ABS, kí ẹnì kan dúró ní ẹ̀gbẹ́, lọ́ọ̀ọ́kán, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kíkan ní 40 km/h, kí ó wo táyà tó kọ́kọ́ há. Tẹ̀yìn ni? Ẹ padà sọ́dọ̀ fáàfù, ẹ má wa ọkọ̀ náà wọ òpópónà.

Ṣé VIO á dá mi dúró nítorí pé mo yí i padà?

Ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò fún ìwé tó fi hàn pé ọkọ̀ yẹ lójú pópó (roadworthiness) ni bóyá bíréèkì ń dá ọkọ̀ dúró, àti bóyá hándíbíréèkì ń dì í mú. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní hándíbíréèkì mọ́ ló ní ìdí láti bẹ̀rù.

Ìtọ́jú wo ló nílò níhìn-ín?

Lẹ́yìn ọyẹ́, kí wọ́n yọ ọ̀pá kékeré tí kálípà ń yọ̀ lé lórí, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n fi gíríìsì sílíkónì pa á. Gíríìsì bẹ́árìn máa ń mú rọ́bà rẹ̀ wú. Ẹ wo páàdì láti ojú rímù, bó bá ti ku 3 mm, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ sì máa fa hándíbíréèkì lójoojúmọ́, kódà níbi tó tẹ́jú: kálípà aláwáyà tí a kì í fà ló ń dípẹtà, tó sì ń há mọ́ dísìkì.